Gbogbo Aṣọ Ń Há Mọ́ Abẹ́rẹ́

Nínú ìdílé wa, èmi nìkan ni mo ga. Ìyá mi kúrú, bàbá mi kúrú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ télọ̀ sì kúrú débi pé ó kan pákó mọ́ ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ maṣíìnì rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tó o. Èmi ní tèmi, bí mo bá gbàgbé láti tẹrí ba, àtẹ́rígbà á rán mi létí. Iṣẹ́ akunlé ni mò ń ṣe. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó rí àkàbà gbé wá, mo ti kun òkè ògiri tán. Òpó ni gbogbo èèyàn ń pè mí, nílé àti níbi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó bi mí rí bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀.

Àwọn ará ilé ní àlàyé kan lórí gíga mi. Wọn kì í sọ ọ́ lójú mi, àfi ẹ̀gbọ́n mi, òun náà kì í sì í sọ ọ́ àfi bí ìjà bá dé. Á ní, "Lọ wá bàbá rẹ lọ." Fọ́tò bàbá tí àwa méjèèjì ń pè ní bàbá á sì wà lórí ògiri lẹ́yìn rẹ̀, tí á máa wò wá. Wọ́n bi ìyá wa léèrè ọ̀rọ̀ náà nígbà tó wà láyé. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lọ bi Ẹlẹ́dàá, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ti kú báyìí. Mo máa ń ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ò dùn mí. Ó dùn mí gan-an.

Ní ti àwọn yòókù, wọ́n ti sọ kíkúrú di oyè ìdílé. Ẹ̀gbọ́n mi kì í dúró kí wọ́n bi òun kó tó sọ pé, "Ẹ̀jẹ̀ wa ni. A kì í ga." Lẹ́yìn náà á wá pa òwe rẹ̀ pé bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ó ń pa á fún oníbàárà, ó ń pa á fún àlejò, ó ń pa á fún ẹni tó wá wo mítà iná. Ká ní adìyẹ ń gbọ́ èdè ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti sú u.

Ìdí nìyẹn tí kò fi ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, tí ọmọ náà kò tó kílò méjì. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sókè, ó wò ó síwá sẹ́yìn bí aṣọ tí oníbàárà dá padà, ó ní, "Abẹ́rẹ́ dé." Bí ọmọ náà ṣe gba orúkọ nìyẹn. Ó ní orúkọ gidi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń lò ó.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ìyá Abẹ́rẹ́ nígbà yẹn. Bàbá Abẹ́rẹ́ jẹ́ ọmọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìkòríta. Nígbà tó gbọ́ pé oyún wà, ó gun ọ̀kan nínú àwọn kẹ̀kẹ́ tó ti tún ṣe, ó ní òun fẹ́ dán an wò. Ó ṣì ń dán an wò títí dòní. A gbà pé ó tún un ṣe dáadáa.

Èmi náà ò sí nílé nígbà oyún yẹn. À ń kun ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú mìíràn, nígbà tí mo sì fi máa dé, ọmọ ti wà nílẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n mi rán aṣọ fífẹ̀ kan fún ọmọ rẹ̀, irú èyí tí oyún lè gbé nínú rẹ̀ títí á fi pé oṣù tí ará àdúgbò kankan ò ní fura. Wọn ò sì fura lóòótọ́. Àwọn kan ṣì gbà pé ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló bí Abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé kò sí ohun tí aṣọ ò lè bò, nítorí pé iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn.

Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òpópónà. Ti iwájú ni ṣọ́ọ̀bù: maṣíìnì, tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, dígí kan tó ti sán ní igun, àti àpò ńlá tí àjákù aṣọ kún inú rẹ̀. Ti ẹ̀yìn ni wọ́n ń sùn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dáná. Èmi ń gbé ní òkè wọn. Mo máa ń gbọ́ maṣíìnì náà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ní gbogbo àárọ̀ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́.

Mo ń ra aṣọ fún Abẹ́rẹ́. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí wọ́n ń rà fún ọmọ, aṣọ sì máa ń wà ní gbogbo ibi tí iṣẹ́ bá gbé mi dé. Bí mo bá ra ọ̀kan, kò ní pẹ́ tí ìyá rẹ̀ á sáré gun òkè wá bá mi, tí ojú rẹ̀ á máa dán. "Àǹtí, ẹ̀wù yẹn ti há mọ́ ọn o." Ọmọdébìnrin náà kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀ láti ìgbà tó ti bímọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí aṣọ bá há mọ́ Abẹ́rẹ́, ẹ̀rín á gba ẹnu rẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé aṣọ náà sókè níwájú oníbàárà, á ní, "Ẹ wò ó. Àná la rà á." Ó há mọ́ ọn nígbà tó kọ́ jókòó. Ó tún há mọ́ ọn nígbà tó pé ọdún kan. Kò sí aṣọ tí mo rà fún ọmọ náà tí kò há mọ́ ọn.

Abẹ́rẹ́ alára kì í bá wa dá sí i. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fa tábìlì lulẹ̀, ó ṣì wà ní ìjókòó lórí ẹní, tó ń wò wá bí ẹni tó wá yẹ ilé wò, tí kò sì dá a lójú pé òun á gbà á. Kì í sunkún púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwà pẹ̀lẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò rò pé ọmọ yìí kéré jù?"

Kò gbé ojú kúrò lórí abẹ́rẹ́ maṣíìnì. "Ta ló ń sọ̀rọ̀? Lójú ìwọ tó o ga tó òpó iná, ta ni ò kéré?"

"Mò ń fi wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni o, mi ò fi wé ara mi."

"Ó dáa. Bó bá kéré, kí ló dé tí aṣọ fi ń há mọ́ ọn?"

Àwọn aṣọ náà wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ti fọ̀ wọ́n, wọ́n ti ká wọn, ẹ̀rí wọn sì pọ̀ ju tèmi lọ. Mo gun òkè lọ, mo lọ sùn.

Nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ máa ń yí àdúgbò ká nígbà míì. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí gbogbo ilé tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì gbé e wá kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó ní ohun tí ọmọ bá pàdánù nínú ìdàgbà rẹ̀ ṣáájú ọdún méjì, ó máa ń ṣòro kó tó lé e bá lẹ́yìn náà. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní tiwa ò ṣàìsàn, gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ló ti gbà, aṣọ sì ń há mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ ti lé ní ọdún kan àbọ̀ lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì wo inú ṣọ́ọ̀bù, kò rí ọmọ, ó kọjá lọ.

Ìyàwó oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì òpópónà ló tú àṣírí náà, kò sì mọ̀ pé òun tú u. Ó bí ọmọkùnrin kan. Ọmọ náà pé oṣù mẹ́fà, ó sì sanra débi pé ọwọ́ rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n fi òwú so ó ní ọrùn ọwọ́. A gbà pé inú oyún ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì. Mo rò ó pé kí ni aṣọ tó ti há mọ́ Abẹ́rẹ́ ń ṣe nínú àpótí nígbà tí ọmọ tó kéré sí i wà lójúde? Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n má fún ẹnikẹ́ni, òun fẹ́ fi wọ́n ṣe àkísà.

"Aṣọ tuntun?"

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní iṣẹ́ aṣọ?"

Nígbà tó jáde lọ ra òwú, Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè kan fún mi. Mo mọ ẹ̀wù náà dáadáa. Ẹ̀wù ọmọ ọdún kan ni mo rà, ọ̀dà aláwọ̀ búlúù sì ta sí i láyà ní ọ̀nà, mo ní kí wọ́n má bínú. Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, a jọ kọjá sí òdìkejì.

Ìyàwó oníbúrẹ́dì dúpẹ́ títí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀wù náà sí ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Orí wọlé. Ọwọ́ kan wọlé. Ọwọ́ kejì ò wọlé. A fà á síwájú, a fà á sẹ́yìn, ọmọ náà fi ojú burúkú wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a fẹ́ bọ́ ọ, kò bọ́. Ọmọ náà wá pinnu láti sunkún. Bàbá rẹ̀ yọjú láti ibi ààrò, ó ní, "Ẹ kúkú da epo sí i lára," ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ti ń làágùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó ń wọ èyí ti pé ọdún kan ni ẹ wí?"

Mo ní, "Ó ti lé ní ọdún kan àbọ̀."

"Ó sì há mọ́ ọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún mi."

Ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn Ìyá Abẹ́rẹ́. Ó tún wo ọmọ tirẹ̀. Ó mú sísọ́ọ̀sì, a sì gé ọmọkùnrin náà jáde.

Mo gbé ẹ̀wù tí a gé náà dání, mo yí inú rẹ̀ síta. Wọ́n ti ká ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú, wọ́n rán an. Wọ́n tún ká a lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n rán an lórí tàkọ́kọ́. Wọ́n ká èjìká, wọ́n ká apá, wọ́n sì ká ìṣẹ́tí débi pé aṣọ tó wà nínú fẹ́ẹ̀ẹ́ pọ̀ ju èyí tó wà níta. Àmì tí ilé ìtajà fi sí i lọ́rùn ṣì wà níbẹ̀: ọdún kan. Mo mọ ọwọ́ tó rán an. Kò sí ẹlòmíràn ní àdúgbò wa tí ìrán rẹ̀ tọ́ tó bẹ́ẹ̀.

A padà sí ṣọ́ọ̀bù, a da àpótí náà sílẹ̀. Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó há mọ́ Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà ló ń há wọn mọ́ ọn.

Ìyá Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ láàárín aṣọ. Ó ń yí wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tẹ̀lé ojú rírán. "Àǹtí," ó ní, "ṣé kò dàgbà rárá ni?"

"Ó dàgbà díẹ̀."

"Mo ti ń yọ̀." Ó gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ewé kan lé orúnkún. "Lọ́jọ́ tí èyí há, mo dúpẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ní ó kéré tán, mo ṣe nǹkan kan bó ṣe yẹ."

Mo bá a ká aṣọ.

Ẹnu kíká aṣọ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti bá wa. Ó gbé òwú sórí tábìlì. "Ta ló ní kí ẹ tú ẹrù mi síta?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń dín aṣọ ọmọ kù?"

"Èmi ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí oníbàárà bi pé ta ló rán ṣòkòtò. "Ṣé iṣẹ́ náà ò dáa ni?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe é?"

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ò sí níbẹ̀ nígbà tí eléyìí ń sunkún lójoojúmọ́ pé ọmọ òun ò tóbi. Kò jẹun, kò sùn, ọmú rẹ̀ fẹ́ gbẹ. Mo dín aṣọ kan kù. Ó rí i pé aṣọ há, ó nu ojú, ó jẹun. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, mo tún dín òmíràn. Télọ̀ ni mí, èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni mo ṣe."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ á ga bó bá yá. Bí ò bá sì ga, ṣé àwa ga ni? Ẹ̀jẹ̀ wa ni. Bí abẹ́rẹ́ ti wù kó..."

"Màmi," Ìyá Abẹ́rẹ́ ní, "aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Aṣọ kékeré náà ò sì lè sọ ọ́ di ńlá."

N kò gbọ́ kí ọmọ náà pa òwe rí. Ó dìde, ó so ọ̀já le, ó sì jáde láìwọ bàtà. Ó ti dé ibi tí òpópónà ti yà sí ibùdókọ̀ kí n tó bá a. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lẹ́yìn wa, tépù tó fi ń wọn èèyàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ kí wọ́n má baà purọ́ mọ́ ọmọ òun.

Ilé ìtọ́jú náà ní bẹ́ǹṣì gígùn kan àti fáànù kan tó ń yí bí ẹni tí wọ́n fi tipá mú. Àwa nìkan la wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì wọn Abẹ́rẹ́ lórí òṣùwọ̀n, ó tẹ́ ẹ sórí pákó kan tí wọ́n sàmì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n di orí rẹ̀ mú, ó sì rọra na ẹsẹ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń wò ó, ó ń ronú lé e lórí. Nọ́ọ̀sì ka iye tó rí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ó dúró ná, ó yọ tépù tirẹ̀, ó wọn ọmọ náà láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Ìwọ̀n méjèèjì dọ́gba. Ó tún un wọ̀n.

"Gíga ọmọ oṣù mẹ́jọ ló ní," Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹni tó fẹ́ẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì nìyí."

"Ẹ̀jẹ̀ wa ni," ẹ̀gbọ́n mi wí. "A kì í ga nínú ìdílé wa."

Nọ́ọ̀sì gbé ojú sókè, ó tún gbé e sókè sí i, títí tó fi kan ojú mi. "Ta nìyí?"

"Àbúrò mi ni."

"Ìyá kan náà?"

"Ìyá kan náà."

"Bàbá kan náà?"

Fáànù yí lẹ́ẹ̀kan. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Wọn ò tíì fẹnu kò lórí ìyẹn."

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé ọmọ ọdún mélòó ni ìyá wa nígbà tó bí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó bi í pé nígbà tó bí èmi ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi rò ó, ó ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ìyá wa ti ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà, nǹkan sì ti dẹrùn. Ó bi í pé ẹ̀gbọ́n mi alára ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tó bí ìyá ọmọ yìí? Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ni.

"Mi ò lè sọ pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn," Nọ́ọ̀sì wí. "Ọmọ lè jọ òbí tó kúrú, kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin tó ń dàgbà lọ́wọ́, bó bá lóyún, ọmọ méjì ló ń dàgbà lórí oúnjẹ kan. Bí oúnjẹ náà ò bá tó, méjèèjì ló máa jìyà rẹ̀. Ìyá yín bí ẹ̀yin nígbà tí òun náà ṣì ń dàgbà. Ó bí àbúrò yín nígbà tó ti dàgbà tán, tó sì ń jẹun. Kí ló wá yà yín lẹ́nu?"

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìyá mi ti wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ń fi gíga mi bú u, oúnjẹ lásán ló jẹ. Mo sunkún díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rí i, ó na ọwọ́, ó gbá mi lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń gbọn eruku. Ní ìdílé tiwa, ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Mo gbà á.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi la bá wá. Nọ́ọ̀sì yíjú sí Ìyá Abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ẹyin lójoojúmọ́. Ẹ̀wà, kí wọ́n gún un kó kúnná. Ẹja, kí wọ́n yọ egungun rẹ̀. Mílíìkì. Kí wọ́n gbé e wá lóṣooṣù, kí wọ́n má sì sọ fún òun pé aṣọ ń há. Ó ní ọmọ náà ò ní rí gbogbo ohun tó ti sọnù gbà padà, ṣùgbọ́n àyè ṣì wà, bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn náà ló bi í léèrè.

"Nígbà tí oyún wà, kí lò ń jẹ?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ wo ìyá rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, bí ọmọ ṣe máa ń wo àgbà bóyá kí òun sọ̀rọ̀ tàbí kí òun má sọ ọ́.

"Èmi ni mo ń bu oúnjẹ fún un," ẹ̀gbọ́n mi wí. Ohùn rẹ̀ ṣì le. "Mò ń bù ú níwọ̀nba. Ikùn ò gbọ́dọ̀ tóbi ju aṣọ lọ. Mo ti rán aṣọ."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí i.

"Kì í ṣe torí aṣọ nìkan," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ wò ó bó ṣe rí. Ẹ wo ìbàdí rẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọ bá tóbi jù nínú ọmọdé, á pa á. Mo ní kí ọmọ náà kéré kó lè rọ́nà jáde. Ó sì jáde." Ó wo pákó tí Abẹ́rẹ́ dùbúlẹ̀ lé. "Ó ń wá oúnjẹ sí i, mo ní kó mu omi."

N kò gbọ́ èyí rí. Mo fẹ́ bínú, mo sì bínú, ṣùgbọ́n obìnrin kúkúrú tó dúró síwájú mi yìí, ta ló bu oúnjẹ fún un nígbà tí òun náà lóyún? Ta ló bù ú fún ìyá mi? Mi ò rí ẹni tí mo lè gbé ìbínú náà lé lórí, mo bá gbé e dání.

"Ìyá ọmọ náà ńkọ́?" ẹ̀gbọ́n mi bi Nọ́ọ̀sì. "Òun ti lé ní ọdún méjì."

"Ó ti lé ní ọdún méjì lóòótọ́," Nọ́ọ̀sì wí.

"Ṣé ó ṣì lè ga?"

"Ó lè fi díẹ̀ ga sí i. Ó lè má ga. Ẹ fún un lóúnjẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, tó ti gbé Abẹ́rẹ́ kúrò lórí pákó tó sì ń di bọ́tìnnì rẹ̀ padà. Mo rò pé ó máa pa òwe. Ó la ẹnu, kò rí òwe kankan nínú rẹ̀.

"Mo fi ebi pa ọ́," ó ní.

Ìyá Abẹ́rẹ́ di bọ́tìnnì tó kù.

"Mo mọ̀, Màmi," ó ní. "Èmi náà wà níbẹ̀."